Àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀: ṣé èébú ni?

Ìbéèrè: Níbi mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ kan ní Mọ̀pà, nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, bí ìdílé ọkọ ṣe ń sọ pé àwọn yóò tọ́jú ìyàwó dáadáa, bàbá ọmọ dáhùn pé, "Àkùrọ̀ ti lómi tẹ́lẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i." Ṣé ó ń bú àwọn àna rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ òun ti lẹ́kọ̀ọ́, ó ti mọṣẹ́, kó tó di pé wọ́n rí i. Oore tiwọn yóò bá nǹkan nílẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Kàbà àti Bùnú. Òkè olókùúta pọ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta á ṣàn wá sí kòtò àárín òkè, á rì, amọ̀ ìsàlẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó tètè lọ. Ibẹ̀ là ń pè ní àkùrọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí iná ti jó koríko orí òkè, ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀ níbẹ̀, omi á sun. Òun la fi ń rí ẹ̀fọ́ àti ilá jẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Àgbẹ̀ tó gbọ́n ò tiẹ̀ ní gbẹ́ ihò kó tó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Lábẹlábẹ, koríko tó máa ń hù níbi tí omi bá wà, ni yóò wò. Ewé rẹ̀ máa ń ya èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kan igi rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ní igun mẹ́ta. Gbòǹgbò rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ọ̀fíò tí à ń jẹ, ìbátan rẹ̀ ni: ewé á gbẹ pátá, kóró inú ilẹ̀ á sì tún hù bí òjò bá dé. Òjò yẹn kọ́ ló gbìn ín.

Nítorí náà, nínú "tẹ́lẹ̀" ni agbára òwe yìí wà. Bí ọ̀gá aránṣọ kan ní Lọ́kọ́jà bá ń pariwo pé òun lòun sọ ọmọ Bùnú kan di èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ìdí òfì ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, òwe yìí ló yẹ kí wọ́n fi dá a lóhùn. A tún ń lò ó fún ìwà burúkú: oníjà tó wá mutí, ọtí kọ́ ló kọ́ ọ níjà. Àwọn kan ń lò ó bíi pé òjò ò wúlò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àkùrọ̀ tí òjò kò kàn fún ọdún mélòó kan, yóò gbẹ, lábẹlábẹ pàápàá yóò kúrò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ fẹ́ pa á níwájú àwọn àna, ẹ fi "tótó ó ṣe bí òwe o" kún un.