Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí fóònù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà ni mo wà, níbi tí a ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìṣirò. Ìyá kan pè láti mọ̀ bóyá ọmọ òun ń wá. Mo ní n kò lè sọ, ló bá bú mi. Ṣé mo jẹ̀bi ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Òfin FERPA ti ọdún 1974, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, wà lẹ́yìn yín. Gbàrà tọ́mọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló láṣẹ lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀, kódà bí kò tíì pé ọdún 18. Bó bá fọwọ́ síwèé pé kẹ́ ẹ sọ, ìyẹn yàtọ̀. Èmi náà ti jókòó sídìí irú fóònù bẹ́ẹ̀ rí (wọ́n bú mi dáadáa). "Ẹ bi ọmọ yín, mà," ni mo máa ń sọ, màá wá ṣàlàyé àkókò tá a máa ń ṣílẹ̀kùn. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹnì kankan.