Egbò asofẹ́yẹjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó béèrè bóyá bàbá wọn lè máa mu egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n rẹ sínú sódábì (ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè), kí wọ́n sì tún máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá egbò yẹn dúró ná. Mi ò sọ pé kì í ṣiṣẹ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìyá mi lò ó ní Kétu níbí, wọ́n ń da àgúnmu rẹ̀ sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tí wọn ò tètè rí ìyàtọ̀, wọ́n bu kún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ imú wọn dí pa, bí wọ́n bá sì dìde lórí ẹní, òòyì a kọ́ wọn. Obìnrin tí ariwo rẹ̀ ń gba ọjà kan wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń sunkún láìsí ẹni tó bá wọn jà. Ará ilé ti ń wá ẹni tó ń ṣe wọ́n kiri kí nọ́ọ̀sì kan tó béèrè ohun tí wọ́n ń mu nílé.

Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine ló wà nínú egbò náà. Ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ ọ́ jáde ní 1952 lára ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà. Iṣan ìmọ̀lára máa ń kó èròjà tó fi ń ránṣẹ́, bíi noradrenaline, dopamine àti serotonin, sínú àpò tíntìntín. Reserpine a dí ẹnu àpò náà. Àgbàdo tí kò bá sì wọ àká, ewúrẹ́ ló ni ín. Bí noradrenaline bá ti tán, òpójẹ̀ á dẹ̀, ọkàn á máa rọra lù. Bí dopamine bá dín kù, ọwọ́ lè máa gbọ̀n. Ìwé tó bá reserpine oníhóró wá gan-an ń kìlọ̀ nípa ìbànújẹ́ ọkàn àti ọgbẹ́ inú.

Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí agbára rẹ̀ tó pé, kì í sì í tètè kúrò lára. Ìdí nìyẹn tí bíbu kún un fi léwu. Hóró reserpine kan kò ju 0.1 tàbí 0.25 miligíráàmù lọ. Ta ló wá mọ iye tó wà nínú ṣíbí àgúnmu kan? (Àwọn tó ń fi í wo wèrè nílé wa mọ agbára egbò yìí ju àwọn tó ń tà á létí títì lọ.) Sódábì tún ń fi oorun àti òòyì kún un.

Ẹ má dá oògùn dókítà dúró o. Ẹ mú egbò náà lọ́wọ́ lọ hàn án, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ bàbá ní ìjókòó àti ní ìdúró. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n mu ún kẹ́yìn, torí bí wọ́n tiẹ̀ ṣíwọ́ lánàá, ó ṣì wà lára wọn.