Ta Ni Mo Fi Sílẹ̀ ní Ìdúró? Ìdáhùn Lórí Fóònù, Okùn Ìbí àti Fàájì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ààfáà wa, àsàlámù àlàékúm. Ẹni ọdún 36 ni mí, mo níyàwó, Ọlọ́hun sì fi ọmọ mẹ́ta ta wá lọ́rẹ. Gbogbo ẹbí wa ló wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan, kò sì sí òwúrọ̀ tí n kì í kí wọn níbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń fi àwòrán àdúà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi lóbìnrin, tí wọ́n tọ́ mi dàgbà, sọ fún ìyá mi pé mo ti já àwọn jù sílẹ̀, torí ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà la jọ ń gbé. Wọn kò mọ̀wé kà. Ọmọ ọmọ wọn ló ń ka ìkíni mi fún wọn. Ṣé ìkíni orí fóònù kò tó láti fi so okùn ìbí pọ̀ ni?

Ìkejì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì mo máa ń dùbúlẹ̀ wo fídíò kéékèèké: bọ́ọ̀lù, àwàdà, àwọn ẹranko inú igbó. Kò sí ìhòòhò níbẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, aago kan òru ti lù, ìrun Àsùbáà a sì máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ìyàwó mi ní àlejò ni mo jẹ́ nínú ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé hàráámù ni gbogbo fàájì orí ayélujára, látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

ÌDÁHÙN

Wà àlàékúm sàlámù wà ráhúmátúlláhì wà bàrákátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Arákùnrin mi, kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìbéèrè yín ti dùn mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fídíò. Kì í tilẹ̀ ṣe ti Àsùbáà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ló wúwo jù, a ó sì dé ibẹ̀. Ibi tí ẹ ti ní ọmọ ọmọ ìyá ló ń ka ìkíni yín fún wọn ni. Mo ń rí wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí ọmọdé gbé fóònù dání, tó ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin alára kò kọ, ọ̀rọ̀ tó ti wà lára àwòrán kí ẹ tó rí i, tí ẹ kàn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì lọ bá gbogbo ẹbí. Ìyá tó wẹ̀ yín, tó pọ̀n yín, ń tẹ́tí sí i, kò sì gbọ́ ohùn yín nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gba inú Al-Kùránì wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Mẹ̀dínà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà lórí ìdúró, ó ń ṣe kùtúbà, wáásí ọjọ́ Jímọ̀, ni àwọn oníṣòwò bá kó ràkúnmí wọ̀lú pẹ̀lú ọjà. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n dà lọ bá wọn. Jabir ọmọ Abdullah, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé, sọ pé ọkùnrin 12 péré ló kù lọ́dọ̀ Ànábì. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, níbi tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì jọ sí. Ìgbà náà ni ẹsẹ 11 Súratul-Jumu'ah sọ̀ kalẹ̀: nígbà tí wọ́n bá rí òwò tàbí eré, wọn a dà lọ síbẹ̀, wọn a sì fi ọ́ sílẹ̀ ní ìdúró. Ẹ wá wo ẹsẹ 10 tó ṣáájú rẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ní bí a bá ti kírun tán, kí a tú ká sórí ilẹ̀, kí a máa wá nínú oore Òun. Nítorí náà kì í ṣe òwò ni ẹsẹ yìí ń bá wí. Ohun tó ń bá wí ni pé ẹnìkan ń bẹ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí etí wọn lásìkò yẹn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ìdúró. Bí ẹ bá ti gbé fóònù, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín nìyẹn: ta ni mo fi sílẹ̀ ní ìdúró?

Lórí ọ̀rọ̀ ìyá wa, ẹ kò já okùn ìbí. Ẹ fọkàn balẹ̀ níbẹ̀. Ànábì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí arísìkí òun gbòòrò, kí ẹ̀mí òun sì gùn, kó máa so okùn ìbí rẹ̀ pọ̀. Àwọn onímọ̀ sì ti jẹ́ ká mọ̀ pé ìpele ìpele ni síso náà. Al-Qadi Iyad, onímọ̀ ńlá tó kú ní ọdún 1149, sọ pé èyí tó kéré jù ni kí èèyàn má bá ìbátan rẹ̀ yodì, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ sàlámà lásán. Ó ní ẹni tó ṣe díẹ̀ tí kò ṣe é dópin, a kì í pè é ní ajá-okùn-ìbí. Ṣùgbọ́n ó fi kún un, ibẹ̀ gan-an ló sì kàn yín: ẹni tó bá fi ohun tí agbára rẹ̀ ká, tó sì yẹ kó ṣe, sílẹ̀ láìṣe, a kì í pe òun náà ní aso-okùn-ìbí. Àárín méjèèjì lẹ wà yìí, arákùnrin mi, kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń pẹ́ sí.

Ká ní òkun ló là yín láàárín ni, ǹ bá ní ìkíni orí fóònù tó, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún un. N kì í ṣe ẹni tó ń bú ayélujára. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí pa káàkiri ayé, tí Hájì ọdún náà kò gba ẹni tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ti rí òbí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ wáásí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kí aláìsàn tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́. Ìdẹ̀ra ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ìlú kan náà lẹ wà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ sínú gúrúùpù: pé oògùn wọn ti ku ẹyọ méjì, pé wọn kì í gbọ́ràn dáadáa ní etí òsì mọ́, pé wọ́n kàn ń rọra tẹlẹ̀ ni nítorí orúnkún. Ìyá àgbà kì í fi irú èyí ránṣẹ́, wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Nínú ẹ̀tọ́ 6 tí Ànábì kà fún Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí, gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú ìwé Muslim, ọ̀kan ni bíbẹ aláìsàn wò, òmíràn ni sísin òkú rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ la fi ń rin méjèèjì.

Ẹ má torí ìyẹn kúrò nínú gúrúùpù o. Sàlámà tí a kọ sílẹ̀, sàlámà ni. An-Nawawi, onímọ̀ ńlá mìíràn, ní dandan ni dídáhùn rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, torí mo ń rí i tí wọ́n ń kọjá lórí sàlámà ọmọnìkejì nínú gúrúùpù bí ẹni ń kọjá lórí òkúta, wọ́n á lọ tààrà síbi àwòrán tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀rọ̀ fàájì. Ọ̀rẹ́ yín tó ní hàráámù ni gbogbo rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kọjá àyè rẹ̀. Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nínú Súratun-Nahl, ẹsẹ 116, pé ká má ṣe fi ahọ́n wa sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, èyí jẹ́ èèwọ̀, ká wá máa parọ́ mọ́ Òun. Ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ará Hábáṣà (ilẹ̀ Etiópíà) ń fi ọ̀kọ̀ àti asà ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí Ànábì. Ìyá wa Aisha, aya Ànábì, wí fúnra wọn pé Ànábì mú àwọn dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn ń wòran títí ó fi sú àwọn. Ànábì wá bi wọ́n pé, “Ṣé ó ti tó?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Mo fẹ́ràn hádíìsì yìí gan-an. Ẹ kíyè sí i pé eré náà kò ya tọkọtaya, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n jọ wò ó. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó béèrè bóyá ó ti tó.

Fóònù kì í béèrè. Eré àtijọ́ ní ìparí. Àwọn eléré á kó ẹrù wọn, òǹwòran á relé. Fídíò kéékèèké yìí, ọ̀kan kò tíì kúrò lójú tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe èèṣì. Ìpolówó ọjà ni àwọn tó ni ìkànnì wọ̀nyí fi ń pawó; bí ojú yín bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni owó wọn ń pọ̀ tó. Ẹ̀rọ wọn ń ṣọ́ ibi tí ìka yín ti dúró, ó sì ń wá irú rẹ̀ kún un. Ẹ wo kìnnìún kan lálẹ́ òní, kìnnìún mẹ́wàá á ti dúró dè yín lọ́la. YouTube kò sí láyé kó tó di 2005, nítorí náà ẹ kò ní bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣáájú. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ibn Abbas, Sàhábé tó tún jẹ́ ìbátan Ànábì, gbà á wá lẹ́nu Ànábì pé ìdẹ̀ra méjì wà tí wọ́n fi ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: àlàáfíà ara, àti àyè tó ṣí sílẹ̀ fúnni.

Abu Barzah al-Aslami, Sàhábé mìíràn, sọ pé Ànábì kórìíra oorun ṣáájú Ìṣáì, ó sì kórìíra ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí àwọn onímọ̀ sọ ni ohun tó dé bá yín gan-an, kí òru má baà gba Àsùbáà mọ́ni lọ́wọ́. Wíwo ẹranko igbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ pé bí òun bá wò ó di aago kan, òun kò ní jí, tó sì ń wò ó lọ, kò rí bí ẹni tí oorun gbé lọ láìmọ̀. N kò ní fi ẹnu rọ èyí fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn, ẹ máa kí ìrun tó bọ́ náà ní kété tí ẹ bá jí, kí fóònù sì máa sùn ní yàrá mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ànábì fàyè gbà fún ara rẹ̀ lẹ́yìn Ìṣáì. Ibn Abbas, nígbà tó wà lọ́mọdé, lọ sùn nílé Maymunah, aya Ànábì, tó jẹ́ arábìnrin ìyá rẹ̀. (Ilé irú ẹni tí ẹ kò tíì dé láti ọdún tó kọjá nìyẹn.) Ó ní Ànábì bá aya rẹ̀ tàkúrọ̀sọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni fóònù ń gbà lọ́wọ́ ìyàwó yín ní alaalẹ́.

An-Nasa'i, onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gba hádíìsì kan wá, láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas náà, tí n kì í kà láìwo ọwọ́ ara mi. Ànábì fi òrùka kan sọ́wọ́, ó wá ní: èyí ti fa ọkàn mi kúrò lọ́dọ̀ yín lónìí, mo wò ó, mo wò yín. Ó sì bọ́ ọ jù nù. Òrùka lásán ni o, tí kì í dún, tí kì í tanná.

Ọmọbìnrin mi wá jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹ́ ka Súratul-Mulk tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há sórí fún mi. Mo ń dáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn lórí fóònù, ìbéèrè ẹ̀sìn bí irú tiyín yìí. Mo ń sọ pé, “Máa kà á lọ, mò ń gbọ́.” Nígbà tó yá, ilé dákẹ́. Mo gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka ẹsẹ kan náà. Mo ń dúró kí ẹ tún un ṣe fún mi.” Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni mo ń kọ fún àjèjì, ọmọ mi tó ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni mo sì fi sílẹ̀ ní ìdúró. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ànábì ní bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, kí méjì má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yọ ẹnìkẹta sílẹ̀, nítorí ìyẹn á bà á nínú jẹ́. Òye tèmi nìyí: ẹni tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí òun nìkan ń rí, ìbànújẹ́ ẹnìkẹta yẹn ló gbé ka ìyàwó rẹ̀ láyà. Bí àwàdà náà bá mọ́, ẹ yí ojú fóònù sí i kí ẹ jọ rín in. Bí ẹ kò bá lè fi hàn án, ẹ ti mọ ìdájọ́ rẹ̀ fúnra yín.

Ìhòòhò, tẹ́tẹ́, fífi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, títú àṣírí ẹlòmíràn, àti ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe tiyín, ẹ mọ ìwọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe jẹ́ èèwọ̀ lójú títì náà ni wọ́n ṣe jẹ́ èèwọ̀ lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ orin àti ohun èlò rẹ̀ gùn, ó tó ìdáhùn ọ̀tọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má fi àwòrán ránṣẹ́ sí ìyá. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dání kí ẹ lọ, kí fóònù wà nínú ọkọ̀ tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó bá sìn yín lọ. Ẹ jókòó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín tán, ẹ tọrọ àforíjìn, kí ẹ wá béèrè ti orúnkún àti ti oògùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn Ìṣáì, ẹ ròyìn bó ṣe lọ fún ìyàwó yín.

Ọlọ́hun ló nímọ̀ jùlọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ bá mi kí wọn.