Fífẹ́lẹ́ Kọ́ Ni Nínà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo to ẹ̀rọ kékeré kan sórí ike polyimide, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún kó lè máa ka bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká. Wáyà rẹ̀ já kíákíá. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra sẹ̀míkọ́ńdọ́tọ̀ (èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù ẹ̀rọ) tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé á máa nà bíi rọ́bà. Ibo ni mo ti lè rí i?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á.

Ohun tó fẹ́lẹ́ ṣe é tẹ̀, kò ní kó ṣe é fà. Tí ẹ bá ká nǹkan mọ́ ọ̀pá, ẹ pín ìnípọn rẹ̀ sí ìbú ọ̀pá náà, ẹ ó rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nà tó. Sílíkọ́nì, irú sẹ̀míkọ́ńdọ́tọ̀ kan, tó nípọn ní 0.1 mm lára ọ̀pá 20 mm nà ní 0.5%. Ẹ dín in kù sí 0.01 mm, ó di 0.05%. Nǹkan bí 1% ni sílíkọ́nì ti máa ń sán, nítorí náà fífẹ́lẹ́ gbà á là níbẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ orúnkún ń nà ní tiẹ̀. Bó bá nà ní 30%, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin gbọ́dọ̀ nà ní 30%, ì báà nípọn, ì báà fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ìnípọn kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Polyimide tiẹ̀ le ju awọ lọ fíìfíì. Kò ní nà, ojú ìjórin ni agbára fífà náà máa já sí.

Ní 2006, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Rogers àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà, na rọ́bà PDMS kí wọ́n tó lẹ sílíkọ́nì mọ́ ọn. Nígbà tí rọ́bà súnkì, sílíkọ́nì di ìgbì; bí a bá fà á, ìgbì ló ń tú. Ní 2017, ẹgbẹ́ Zhenan Bao ní Yunifásítì Stanford po pọ́límà (irú ike) tó jẹ́ sẹ̀míkọ́ńdọ́tọ̀ pọ̀ mọ́ rọ́bà SEBS, ó nà dé ìlọ́po méjì láìpàdánù agbára láti gbé iná. Iṣẹ́ láàbù nìyẹn, kì í ṣe ọjà igbá.

Tiyín: ẹ jẹ́ kí ṣíìpù wà lórí pátákó kékeré tó le. Ojú wáyà ni kí ẹ ṣe ní kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò, kí ẹ sì gé ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òfo ni. Ẹ wá da rọ́bà bò ó. Tó bá jẹ́ Sylgard 184, irú PDMS kan tó jẹ́ omi méjì tí a ń pò pọ̀, ẹ fi ìwọ̀n 10 omi rọ́bà sí 1 omi tó ń mú un gan lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 48 ní 25°C. Ẹ má fi ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì kàn án. Sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) inú ìbọ̀wọ́ náà kì í jẹ́ kí rọ́bà gan, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ibi tí wáyà ti kúrò lára pátákó ló máa ń kọ́kọ́ já, ẹ fẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

N kò rí iṣẹ́ yín lójú, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò, kí bátìrì lítíọ́mù sì wà ní bẹ́líìtì, kó má fara kan awọ.