Kí Ló Dé Tí Pac-Man Fi Ya Sí Méjì?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo kí yín o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí géèmù pọ̀ ju ti fóònù tó bàjẹ́ lọ, inú mi sì dùn sí i, torí ọmọ ilé géèmù ni mí kí n tó di ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Oganla. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ẹni tó bi mí bí òun ṣe máa gba owó tẹ́tẹ́ lórí fóònù, kó máà bínú, èmi kọ́ ló ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wo fídíò ẹnì kan tó ta géèmù Pac-Man dé ìpele 256. Bó ṣe débẹ̀ báyìí, apá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ dàrú, lẹ́tà àti nọ́ńbà bo gbogbo ẹ̀. Bàbá mi tó ń wa takisí ní àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí òpin rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? *Ọmọ ọdún 16, Ouando, Àjàṣẹ́*

ÌDÁHÙN: Àbúrò, bá mi kí bàbá, kí o sì bi wọ́n: nígbà tí mọ́tò àtijọ́ bá rin kìlómítà 99,999, kí ni aago rẹ̀ máa ń kọ tẹ̀ lé e? Òdo márùn-ún ni. Mọ́tò ò di tuntun, àyè nọ́ńbà ló tán.

Ohun tó ṣe Pac-Man náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Namco ló gbé e jáde ní Japan ní 1980, ìrántí inú ẹ̀rọ ìgbà náà ò sì tó nǹkan. Gbé ọpọ́n ayò kan síwájú ara ẹ, àmọ́ kó jẹ́ oníhò mẹ́jọ, kí ihò kọ̀ọ̀kan má gbà ju ọmọ ayò kan ṣoṣo lọ. Ọmọ ayò inú ihò àkọ́kọ́ jẹ́ 1, ti ìkejì jẹ́ 2, ti ìkẹta jẹ́ 4, kó máa lọ́po méjì bẹ́ẹ̀ títí dé 128. Bí gbogbo ihò bá kún, àpapọ̀ wọn jẹ́ 255. Wá fi ẹyọ kan kún un. Kò síbi tí wàá fi í sí mọ́, ni ọpọ́n bá ṣófo porogodo, a padà sí òdo. Irú ọpọ́n yìí ni Pac-Man fi ń ka ìpele.

Ó yẹ kó o ti rí àwọn èso kéékèèké tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi hàn ẹ́ bó o ṣe rìn jìnnà tó, wọn kì í sì í ju méje lọ. Ní ìpele 256, iye èso tó yẹ kí ẹ̀rọ yà á di òdo. Ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òdo kéré sí méje, kò séwu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti ya ọ̀kan kó tó yọ ọ̀kan kúrò. Ó yọ ọ̀kan lára òdo, ọpọ́n tún kún padà, 255, ó sì ń yà á lọ títí ó fi ya 256. Ibo ni wọ́n máa gbà? Wọ́n kún ìsàlẹ̀ àkúnwọ́sílẹ̀, wọ́n bo apá ọ̀tún, àwọn tó tẹ̀ lé e ò tilẹ̀ jọ èso mọ́. Pac-Man gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo oúnjẹ tó wà ní ìpele kan kó tó kọjá, èyí tó kù fún un níbẹ̀ kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí máàkì tó ga jù lọ nínú géèmù náà fi dúró sórí 3,333,360.

Donkey Kong ti Nintendo, ọdún 1981, ní àrùn kan náà. Ní ìpele 22, ẹ̀rọ ṣírò iye àkókò tó máa fún ẹ, ìṣirò bọ́ sí 260, ọpọ́n ò gbà á, ó ku 4. Kó o tó gùn dé òkè, àkókò ti tán, ọkùnrin kékeré tí ò ń darí ti ṣubú kú. Kò ṣe ohunkóhun tó fi yẹ kó kú.

Èmi ò gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Ohun tí mo gbà ni pé wọn ò wá ìparí kankan fún un, torí ẹ̀rọ tó ń jẹ owó ẹyọ, kí ló fẹ́ fi ìparí ṣe? Ìṣẹ́jú mélòó kan ló fẹ́ lò lọ́dọ̀ rẹ, kó o kú, kó o tún tọwọ́ bàpò. Ẹ̀rọ géèmù Pong àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Atari gbé sí ilé ọtí kan ní California ní 1972, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, owó ló kún inú rẹ̀ tí ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Irú ẹ̀rọ báyìí, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́.

Kó má bàa dà bíi pé àgbàlagbà nìkan ló ń débẹ̀: ní oṣù Kejìlá 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà ta Tetris Nintendo ti 1989 títí ẹ̀rọ fi gan mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìpele 157. O fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Àmọ́ parí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ ná.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ìparí géèmù wo ló bí yín nínú jù lọ láyé yín, èwo lẹ sì fẹ́ràn jù? *Télọ̀ kan, Kétu*

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó bí mi nínú, òun ló wà lórí ahọ́n mi.

Ilé géèmù tí a ń lọ kò jìnnà sí ọ̀sà. Páànù ni wọ́n fi bò ó, ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ò ṣiṣẹ́ rí lójú tèmi. Ghosts 'n Goblins ti Capcom, èyí tó jáde ní 1985, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bọ́tìnì tí a fi ń ju ọ̀kọ̀ ti dán, pupa rẹ̀ ti ṣí, àárín rẹ̀ funfun bí ojú ẹja díndín. Jẹ́tọ́ọ̀nù 25 sẹ́fà ni lẹ́ẹ̀kan. Jagunjagun kan ló ń wá ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé. Bí iwin bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ìhámọ́ra rẹ̀ á fọ́, á ku òun àti pátá nìkan. Bó bá tún kàn án, ó di eegun.

Oṣù mẹ́ta lèmi àti ọ̀rẹ́ mi fi bá a jà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi fún mi ní 500 sẹ́fà kí n lọ ra gààrí. Ẹ ti mọ ibi tó lọ. Jẹ́tọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn la fi pa ọ̀gá wọn pátápátá, gbogbo ilé géèmù pariwo, ẹnì kan gbé mi sókè. Ibi tí mo wà lókè yẹn ni mo ti ka ohun tí ojú ẹ̀rọ kọ, pé ìtànjẹ Sàtánì ni gbogbo ẹ̀, ká tẹ̀ síwájú. Ni ẹ̀rọ bá dá wa padà sí ibojì tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó tún wá le sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ parí géèmù yẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó rí òpin rẹ̀! Ọkùnrin tó ni ilé géèmù ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú owó wá.”

Kò sí gààrí nílé wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí ìyá mi fi bá mi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹnu.

Èyí tí mo fẹ́ràn ni Missile Command ti Atari, 1980. Ìlú mẹ́fà lò ń dáàbò bò, àdó olóró ń rọ̀ látòkè, o ò lè borí láéláé. Nígbà tí ìlú tó kẹ́yìn bá jó tán, géèmù yòókù á ní eré tìẹ ti parí. Eléyìí á kọ ọ́ gàdàgbà pé ó parí, ó tán, bíi pé ayé ló ń sọ. Ara mi máa ń bù mọ́lẹ̀ bí mo bá rí i. Àmọ́ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ géèmù kan wà ní Amẹ́ríkà ní 1981 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Polybius, tó ń ya èèyàn ní wèrè, tí àwọn ọkùnrin onísúùtù dúdú sì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò? *Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣábẹ̀*

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ẹ̀rọ náà jáde rí. Ìtàn lásán ni, ó kàn dùn gbọ́ lálẹ́ tí iná bá lọ.

Bó o bá ń wá ohun ìyanu tòótọ́, wo Space Invaders tí Tomohiro Nishikado ṣe ní 1978. Àwọn ọ̀tá márùndínlọ́gọ́ta ló ń sọ̀ kalẹ̀. Bó o bá ṣe ń pa wọ́n, àwọn tó kù á máa yára, títí ọ̀kan ṣoṣo tó kẹ́yìn á fi máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ̀rọ ni kò lágbára láti yára gbé gbogbo wọn. Bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ̀rọ géèmù kékeré kan fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ló ń dá ta á. Ó ta eléyìí tó ní dírágónì méjì tó ń fẹ́ ìfófòó, ó parí ìpele 100, ó bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé òun ò tíì parí ẹ̀. Ṣé kí n dá ẹ̀rọ náà padà ni? *Ìyá ọmọ, Àjàṣẹ́*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá ọmọ. Ẹ má dá a padà, ohunkóhun ò ṣe é. Bubble Bobble ni, Taito ló ṣe é ní 1986. Fukio Mitsuji tó ronú rẹ̀ fẹ́ géèmù tí ọkùnrin àti obìnrin lè jọ jókòó tì, ló bá sé ìparí rẹ̀ mọ́ ẹni tó bá dá wá. Bí ọmọ yín gbọ́n bí ìjàpá, òun nìkan ò lè rí i. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ dúró láàyè nígbà tí ọ̀gá àwọn ọ̀tá bá ṣubú.

Lẹ́tà yín ò sọ pé ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Nítorí náà, ìyá, ẹ̀yin ni. Páàdì kejì, èyí táwọn ọmọ ń pè ní mànẹ́ẹ̀tì, lè wà nínú páálí tí ẹ̀rọ náà bá wá, ẹ wò ó dáadáa. Bọ́tìnì kan fún fífò, èkejì fún ìfófòó. Ẹ fi ìfófòó mú ọ̀tá, kẹ́ ẹ tó fi ara là á. Bẹ́ ẹ bá pẹ́ jù ní ìpele kan, egungun funfun kan á jáde sí yín. Ẹ má bá a jà, kò ṣeé pa, ẹ sá. Ní ìpele 100, ìgò kan wà níbẹ̀, ẹni tó bá mu ún á máa fẹ́ mànàmáná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu tiẹ̀ ṣáájú.