Kí Ni Kí N Máa Bá Màmá Mi Sọ Lórí Fóònù?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ fóònù ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Ohun tí wọn yóò fi ẹnu sọ ni wọ́n ń wá.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lókè òkun. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń tẹ ìyá mi láago. Mo ń bi wọ́n pé ṣé àlàáfíà ni, wọ́n á ní a dúpẹ́. Mo ń bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí n má náwó jù. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, ṣe ni inú mi máa ń bàjẹ́, bí ìgbà tí mo kí ẹni tí mo pàdé lọ́nà lásán. Kí ni kí n máa bá wọn sọ?*
*Àkọ́bí Tó Wà Lókèèrè*

Ọmọ mi, o ṣeun tí o ń pe ìyá rẹ. Má dá a dúró.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá yín lóhùn níbí, ọdún 31 ni mo fi jókòó nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so ìpè pọ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ pe àwa, yóò sọ nọ́ńbà tó ń wá, àwa yóò sì fi okùn so wọ́n pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni a ń tà á. Bó bá ti ku díẹ̀, èmi ni mo máa ń wọlé sọ fún wọn pé àkókò ti fẹ́ pé. Òfin iṣẹ́ ni pé a kì í fetí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà, mo sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé kéde àkókò kò lè ṣàìgbọ́ gbólóhùn kan tàbí méjì.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń pe ìyá rẹ̀ ní ìparí oṣù. Lọ́jọ́ kan tí mo wọlé, mo bá a níbi tó ti ń béèrè pé: "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ké bí ẹ bá ṣí i?" Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó ṣì ń ké o! Òun gan-an ló jí mi láàárọ̀." Mo kéde pé àkókò ti ń lọ. Ọkùnrin náà ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn kún un. Ó san owó ìṣẹ́jú mẹ́ta nítorí ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ẹni tó bi ìyá rẹ̀ léèrè ilẹ̀kùn ti wọlé, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó ń béèrè pé "ṣé kò sí nǹkan" ṣì dúró lẹ́nu géètì.

Mi ò ní kí o má béèrè àlàáfíà wọn o. A gbọ́dọ̀ kí ara wa kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ má jẹ́ kó tán síbi ìkíni. Lẹ́yìn "a dúpẹ́", bi wọ́n ní ohun tí "a dúpẹ́" kò lè dáhùn. Ta ló wá jókòó tì wọ́n lánàá? Níbo ni wọ́n jókòó sí báyìí, ṣé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àbí orí bẹ́ẹ̀dì? Kí ni rédíò ń sọ lẹ́yìn wọn yẹn?

Ìbéèrè nìkan kò sì tó. Tí ó bá pọ̀ jù, á dà bíi ti ọlọ́pàá. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wá. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ohun tí o sọ pé o ń bá wọn sọ, ìbéèrè ni. Kò síbi tí o ti sọ fún wọn pé bàtà rẹ já sínú òjò, tàbí pé aládùúgbò rẹ ń kọrin lóru, tàbí pé o ti gé irun rẹ. O rò pé ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni. Ọmọ mi, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìyá fi ń rí ọmọ tí kò sí nítòsí.

Nǹkan kan tún wà tí mo fura sí. Màmá ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dà rú níbi tí o wà, wọ́n wá fi ẹ̀yìn ríro wọn pamọ́. Ìwọ náà ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ń ni ọ́ lára. Ohun tí ẹ̀ ń fi pamọ́ fún ara yín ti pọ̀ débi pé èyí tó ṣẹ́ kù kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ tú tìrẹ sílẹ̀. Sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ̀yìn ń ro mí lọ́sẹ̀ yìí." Wàá gbọ́ nípa ẹ̀yìn tiwọn.

Má sì dúró de ọjọ́ Àìkú nìkan. Pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láìsí ìdí. Bí o bá ń ká aṣọ, gbé fóònù sórí tábìlì kí o tan sípíkà, kí àwọn náà máa ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ dákẹ́. Àwọn tó jọ ń gbélé náà máa ń dákẹ́.

Ohun kan tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má fi àtẹ̀jíṣẹ́ rọ́pò ohùn rẹ. Lọ́dún 2010, Leslie Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin-Madison ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin 61, láti ọmọ ọdún 7 sí 12, dìde sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àwọn àjèjì, àyà àwọn ọmọ náà já. Lẹ́yìn náà, ìyá àwọn kan wá dì mọ́ wọn. Àwọn kan gbọ́ ohùn ìyá wọn lórí fóònù nìkan. Àwọn tó kù kò rí ìyá, wọn ò sì gbọ́ ohùn. Oxytocin, èròjà ara tó máa ń jáde bí a bá wà lọ́dọ̀ ẹni tí a fẹ́ràn, pọ̀ sí i lára àwọn tó gbọ́ ohùn lórí fóònù, bó ṣe pọ̀ sí i lára àwọn tí ìyá wọn dì mọ́. Nígbà tí wọ́n tún dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìyá tẹ̀ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n gbé èyí náà jáde ní 2012, àwọn tó ka ọ̀rọ̀ ìyá wọn kò yàtọ̀ sí àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Òótọ́ ni pé ọmọdé ni àwọn yẹn, ìwọ sì ti dàgbà. Síbẹ̀ o ti mọ ohùn ìyá rẹ kí o tó mọ orúkọ ara rẹ.

*Màmá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fi àwòrán ọmọ wa tuntun ránṣẹ́ sí àwọn lórí WhatsApp. Mo fi ránṣẹ́, mo tún fi òmíràn sí i. Ohun tí wọ́n kọ padà ni "O ti to." Ó dùn mí gan-an, mo sì ṣíwọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo tó gbọ́ pé inú àwọn náà ò dùn sí mi, wọ́n ní mo ti pa àwọn tì. Wọ́n ní àwòrán tí àwọn fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri ni àwọn sọ pé ó ti tó. Kí ni kí n ṣe kí irú rẹ̀ má wáyé mọ́?*
*Bàbá Ọmọ Tuntun*

Ẹ kú oríire ọmọ. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ wò: "Ó ti tó, o ṣeun." Tún sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan ti sú: "Ó ti tó!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Lójú fóònù, ohùn ò sí níbẹ̀, ìwọ lo wá fi ohùn sí i, èyí tó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ lo sì fi sí i.

Bí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan tẹ̀ bá dùn ọ́, má tẹ èsì. Pè é lọ́jọ́ náà gan-an, kí o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi ẹnu pe ohun tí ẹ kọ yẹn." Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú, gba ohùn rẹ sílẹ̀ kí o fi ránṣẹ́. Láti 2013 ni ìyẹn ti wà lórí WhatsApp, ẹni tó ń gbọ́ ọ á sì mọ̀ bóyá ò ń rẹ́rìn-ín.

Bákan náà ni àmì búlúù méjì tí wọ́n mú wá ní 2014. Ó ń sọ fún ọ pé wọ́n ti ṣí ọ̀rọ̀ rẹ. Kò sọ pé ẹni tó ṣí i wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, tàbí pé ọmọ ń sùn lápá rẹ̀, kò lè tẹ nǹkan. Má fi àmì yẹn ka ìfẹ́ ẹnikẹ́ni.

*Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá wa ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Bí àwa ọmọ mẹ́rin bá pè wọ́n lórí fídíò, ṣe ni a máa ń sọ̀rọ̀ lu ara wa. Wọ́n máa ń bínú pé a kì í jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀, ìgbà mìíràn wọn ò tilẹ̀ gbọ́ wa. Wọ́n ti ń sọ pé kí a má pe àwọn mọ́.*
*Ọmọ Bàbá*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣíwọ́ pípè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń hùwà àìdáa níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan wo bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wa ní èdè mẹ́wàá káàkiri ayé, wọ́n gbé e jáde ní 2009. Láti ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan títí di ìgbà tí ẹnì kejì yóò dáhùn, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Kíá báyẹn! Bí ohùn bá wá pẹ́ lọ́nà, ẹ̀yin á rò pé Bàbá ti dákẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ tiwọn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àjọ ITU, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lágbàáyé, sọ pé bí ohùn kò bá pẹ́ lọ́nà ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kò yẹ kó kọjá 400. Nígbà tiwa, ìpè tó bá gba ara sátẹ́láìtì máa ń gòkè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà kó tó sọ̀ kalẹ̀, ohùn á sì pẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbọ́ ìjà tọkọtaya púpọ̀ tó jẹ́ pé sátẹ́láìtì ló fà á. Ohun tí a máa ń sọ fún oníbàárà ni pé: bí ẹni yẹn bá dákẹ́, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa darí ìpè náà, kó máa pe orúkọ ẹni tó kàn. Bàbá ni kó kọ́kọ́ pè.

Ní ti pé wọn ò gbọ́: ọjọ́ orí máa ń kọ́kọ́ mú ìró tó ga, tó rí wínníwínní lọ, irú s àti f. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í sì gbé ìró tó ga ju 3,400 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), ìwọ̀nba irú ìró bẹ́ẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, nítorí náà ẹ dán méjèèjì wò. Ẹ má jókòó kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín. Ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, nítorí ètè yín ni Bàbá ń wò kí wọ́n lè mọ ohun tí etí ò gbé. Ẹ má pariwo, ariwo máa ń yí ètè padà. Ẹ rọra sọ ọ́. Kí ẹ sì mú wọn lọ yẹ etí wò.

*Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ gbé yàrá kan náà nílé ìwé. A ò jà. Ó bímọ, mi ò pè é. Bàbá rẹ̀ ṣaláìsí, mo gbọ́, ojú tì mí láti pè torí pé mi ò pè nígbà tó bímọ. Ó ti di ọdún mẹ́rin. Ṣé kò ti pẹ́ jù?*
*Ojú Ń Tì Mí*

Àbúrò mi, kò pẹ́ jù. Peggy Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń dà ọ́ láàmú yìí, wọ́n sì gbé e jáde ní 2022. Ẹni tó fẹ́ kàn sí ẹlòmíì máa ń rò pé kò ní fi bẹ́ẹ̀ jọ onítọ̀hún lójú. Inú ẹni tí wọ́n kàn sí máa ń dùn ju bí ẹni tó kàn sí i ṣe rò lọ, pàápàá bí kò bá retí rẹ̀ rárá.

Èmi náà ti wà níbi tí o wà yìí. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó sí ìjókòó tó tẹ̀ lé tèmi nídìí ẹ̀rọ, ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi pè é lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ pè é, mo máa ń wá àwáwí tó tóbi tó ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì rí i. Lọ́jọ́ kan mo rí obìnrin kan tó ń fi ìdí pẹ́ńsù yún orí bí tiẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: "Mo rí ẹnì kan tó ń fi pẹ́ńsù yún orí báyìí. Ìwọ ni mo rántí." Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò ṣàlàyé.

Bẹ́ẹ̀ ni kí o kọ tìrẹ. Mú ohun kan láti inú yàrá yẹn, èyí tí ẹ̀yin méjì nìkan mọ̀, kí o kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́. Bó bá dá ọ lóhùn, fi ohùn rẹ kí i, kí o sì jẹ́ kó sọ fún ọ nípa bàbá náà bó ṣe fẹ́.

Ọ̀rẹ́ tèmi kò tẹ nǹkan padà. Ó pè. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ka ení, èjì, bí a ṣe máa ń ṣe. Ló bá ní, "Ṣé torí tèmi nìkan lo ṣe kọ ọ́?"