Ọ̀bẹ tó le ló ń kán: ìdáhùn fún ẹni tó fi ọ̀bẹ Sakai gé egungun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé ní Osaka fi ọ̀bẹ kan ránṣẹ́ sí mi ní Peckham. Ó ní àgbà alásè kan ló sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, pé àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Sakai ní Japan ló fọwọ́ rọ ọ́. Mo fi gé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà, ojú rẹ̀ kán níbi mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti dípẹtà. Ẹnìkan ní ayédèrú ni, pé kí n yan án lórí gáàsì kó lè le padà. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yan án rárá. Tó bá ti wà lẹ́bàá iná báyìí, ẹ lọ gbé e kúrò ná.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ti sú mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ọ̀bẹ tí iná ti bà jẹ́ wá bá mi pé kí n pọ́n ọn. Alágbẹ̀dẹ ti fi irin yẹn síná títí ó fi pọ́n, ó rì í kó lè le, ó wá tún yá a níná díẹ̀, tí kì í sábà kọjá 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó má baà máa fọ́ bí àwo. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ iná parí sí. Iná gáàsì gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bí ojú ọ̀bẹ bá fi lè yọ àwọ̀ búlúù, ó ti rọ̀ nìyẹn, kò sì sí òkúta ìpọ́nbẹ tó lè dá líle rẹ̀ padà.

Èrò tó bí gbogbo èyí ni pé ọ̀bẹ tó bá le kò gbọdọ̀ kán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tìtorí pé ó le ló ṣe kán. Ẹ wo abẹ onígbàjámọ̀ àti àdá. Abẹ ló mú jù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi abẹ ṣán igbó. Bí àdá bá kan òkúta, ojú rẹ̀ á tẹ̀, ẹ ó pọ́n ọn, ó parí. Abẹ kò mọ títẹ̀.

Irin tí wọ́n ń lò jù fún irú ọ̀bẹ yín ni shirogami àti aogami, tó ń wá láti Yasugi ní ìpínlẹ̀ Shimane. Ìwé funfun àti ìwé búlúù ni ìtumọ̀ orúkọ wọn, nítorí ìwé tí wọ́n fi ń wé irin náà. Irin fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell tí a fi ń wọn líle irin, irú wọn máa ń lé ní 60. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Jámánì tí ẹ mọ̀ wà láàárín 56 sí 58. Líle yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè pọ́n ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìtètè kú. Ohun tí alásè fẹ́ náà nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ tó nípọn gé àlùbọ́sà, ńṣe ló ń là á, omi rẹ̀ á ta sí yín lójú. Ọ̀bẹ tó fẹ́lẹ́ á kọjá wọ́ọ́rọ́, ojú ibi tó gé á máa dán.

Àwọn ará Japan fúnra wọn kì í fi ọ̀bẹ kan ṣe gbogbo iṣẹ́. Yanagiba, tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ni ti ẹja tútù tí wọ́n ń jẹ láìsè. Deba nípọn, òun ni wọ́n fi ń gé orí ẹja. Deba pàápàá, mi ò ní fi gé egungun ewúrẹ́, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tó dì gbagidi.

Ti ìpẹtà: irin yìí kì í ṣe èyí tí kì í dípẹtà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sì fi sínú ẹ̀rọ ìfọwo. Bó bá dúdú díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé ẹran, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó pupa ni kẹ́ ẹ bó.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀bẹ yín, nítorí náà mi ò lè búra pé ojúlówó ni. Ṣùgbọ́n kíkán àti ìpẹtà kò sọ ọ́ di ayédèrú. Bí ibi tó kán kò bá ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òkúta ìpọ́nbẹ tí nọ́ńbà kíkúnná rẹ̀ jẹ́ 1000, tẹ́ ẹ rẹ sómi, á tán an, ẹ ṣáà ṣọ́ ìka yín. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n pọ́n lójú rẹ̀, ẹ má dán an wò. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń fọwọ́ pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta olómi. Ẹ sá fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbígbẹ tó ń ta iná pàràpàrà. Iná tí mo ní kẹ́ ẹ sá fún náà ni.

Ní ti ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ẹ ní kí alápatà fi ayùn gé e kẹ́ ẹ tó gbé e wọ fírísà.